Eré Wo Ló Yẹ Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Rìn? Ìfiwéra Eré Mẹ́fà fún Òbí n'Íbàdàn

Ọmọ tó bá ti lé ní ọdún kan, tó ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ káàkiri ilé, kì í jẹ́ kí ọwọ́ òbí sinmi. Òbí á sì máa wá ohun tí yóò gbé lé e lọ́wọ́. N'Íbàdàn yìí, ohun tí a lè rà kò lóǹkà: ẹ dé Agbeni tàbí Dùgbẹ̀, ọkọ̀ oníke wà, ọmọlángidi wà, dùùrù kékeré tó ń kọrin bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ wà. Fóònù wà nílé. Iyanrìn wà lẹ́yìnkùlé. Agolo mílíìkì tó ti tán wà ní kíṣìnnì. Èwo nínú wọn ni ọmọ yóò fi kọ́ bí a ti ń fọkàn sí nǹkan, bí a ti ń kó ìbínú níjàánu, àti bí a ti ń ronú? Èwo ló kàn ń gba àkókò lọ́wọ́ rẹ̀?

A to eré mẹ́fà jọ síbí fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta, a sì ka òṣùwọ̀n kan sí ju gbogbo òṣùwọ̀n yòókù lọ: ṣé eré náà ní ibi ìdúró? Ibi ìdúró ni ibi tí ọwọ́ ti ń yún ọmọ láti ṣe nǹkan, tí eré sì ní kó mú sùúrù ná. Ẹni tó bojú kò gbọdọ̀ tíì ṣí i. Ẹni tó ń jó gbọ́dọ̀ dúró bí ìlù bá dá. Ẹni tó ń ta gaàrí gbọ́dọ̀ dúró kí oníbàárà sọ iye tó fẹ́ rà. Níbi ìdúró yẹn, iṣẹ́ mẹ́ta ni ọpọlọ ọmọ ń ṣe pọ̀: ó ń di òfin eré mú lọ́kàn, ó ń fa ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ń múra àtiyí padà bí nǹkan bá yí. Executive function ni àwọn onímọ̀ ń pe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀. Láti ìkókó ló ti ń hù, àmọ́ àárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń yára gbèrú jù.

Nítorí náà, ẹ má retí pé kó tètè pé. Ọmọ ogún oṣù tó ń sọ pé "rárá, rárá" bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná kì í ṣe olóríkunkun. Ẹnu rẹ̀ ti mọ òfin, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì gbọ́. Ẹgba kò lè mú ọwọ́ yẹn gbọ́ kíákíá. Àṣetúnṣe, níbi tí ara ti tu ọmọ, ló ń mú un gbọ́.

Àwọn òṣùwọ̀n yòókù

A wo bóyá eré náà lè dàgbà bá ọmọ, àbí ọ̀sẹ̀ méjì péré ni yóò fi sú u. A wo owó, àti ohun tó máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀. A wo àgbà tí eré náà nílò àti iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ìyá tó ti ṣọ́ọ̀bù dé ní aago méje alẹ́ kò lè ṣe ohun tí ìyá àgbà tó wà nílé látàárọ̀ lè ṣe. Ti iná mànàmáná, a ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí: márùn-ún nínú mẹ́fà kò nílò rẹ̀ rárá.

Ewu ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Ẹ mú páálí roboto tí wọ́n ń wé tíṣù mọ́. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun. Ọmọ ayò kọjá, ẹ̀pà kọjá, ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kọjá, òkúta wẹ́wẹ́ kọjá. Ẹ̀wà gbígbẹ tún ní ìjàǹbá tirẹ̀: ọmọ a máa kì í bọ imú tàbí etí, tó bá gba omi níbẹ̀, á wú, yíyọ rẹ̀ á di iṣẹ́ dókítà. Ìdí nìyí tí ayò ọlọ́pọ́n kò fi sí nínú mẹ́fà wa. Ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ọmọ bá kúrò ní ẹni tó ń kó nǹkan sẹ́nu.

Ohun kan ṣì kù kí ẹ tó náwó. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Toledo ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí ọmọ 36, tí wọn kò tíì ju ọdún méjì àbọ̀ lọ, fi ohun ìṣeré 4 ṣeré nígbà kan, wọ́n sì fún wọn ní 16 nígbà mìíràn. Nígbà tó jẹ́ 4, àwọn ọmọ pẹ́ nídìí ohun kan, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n sì fi ṣeré. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé lónìí: ẹ fi mẹ́rin sílẹ̀, ẹ kó ìyókù sínú báàgì Ghana-must-go sókè kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Bojúbojú àti wíwá ohun tí a fi pamọ́

Kò náni ní kọ́bọ̀, òun ló sì rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ ọdún kan, ẹ fi ìborùn bo ojú yín, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú kí ẹ tó ṣí i. Ìdákẹ́ yẹn ni eré gan-an. Bí ẹ bá ń ṣí i wàrà-wàrà, ọmọ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní dúró de nǹkan kan.

Láti bí oṣù 15, ẹ mú ife méjì tí a kò lè rí inú wọn. Ẹ fi bọ́ọ̀lù kékeré tí kò gba inú páálí tíṣù kọjá sábẹ́ ọ̀kan lójú ọmọ, ẹ fi aṣọ bo ife méjèèjì, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ ní kó wá a. Tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lábẹ́ ife ọ̀tún, ẹ gbé e sábẹ́ ti òsì lójú rẹ̀ kedere. Àwọn ọmọ kan á ṣì na ọwọ́ sí ọ̀tún. Ọwọ́ ń rántí ohun tó ti mọ́ ọn lára ni, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ṣí ti òsì hàn án, kí ẹ tún un ṣe. Bí méjì bá ti rọrùn fún un, ẹ fi ife kẹta kún un.

Ọmọ ọdún méjì tó ń sá pamọ́ á ki orí sábẹ́ àga, ìdí rẹ̀ á wà níta, á sì gbà pé kò sẹ́ni tó rí òun. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ wá a lábẹ́ tábìlì, torí gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń wá a ló fi ń pa ẹnu mọ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti fíríìjì tó ti kú, búùtù ọkọ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ń há fúnra rẹ̀ pa.

Àgbà kan ti tó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ó dára fún ìfọkànsí àti ìrántí. Fún ọmọ tí wàhálà rẹ̀ jẹ́ ìbínú, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ìlù àti ìdúró

Ẹ lu agolo, ọmọ jó. Ẹ dá ìlù dúró, ọmọ dúró. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí èyí tí ibi ìdúró rẹ̀ hàn kedere tó báyìí. Agolo mílíìkì onídèérí ike àti ṣíbí onígi ni gbogbo ohun èlò rẹ̀. Ibi tó fẹ̀ tó ẹní kan ti tó, nítorí náà ó bá ilé oníyàrá kan mu dáadáa, bí àwọn ará ilé kò bá tíì sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ sọ "Dúró!" bí ìlù ti ń dá, kí ẹ̀yin náà sì gan bí igi, torí ojú ni ọmọ kékeré fi ń kọ́ nǹkan. Fún ọmọ ọdún kan àbọ̀, ìdúró náà kò gbọdọ̀ ju kí ẹ ka ení, èjì lọ. Fún ọmọ ọdún méjì àbọ̀, ẹ lè kà dé àrún. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ yọ ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò, kó máa tẹ́tí sí ìlù nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìyára wọ̀ ọ́: ìlù jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́; ìlù kíkan, ẹsẹ̀ kíkan. Ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́ta lè gbìyànjú ìdàkejì, kó máa rìn jẹ́jẹ́ nígbà tí ìlù bá ń kán. Ó ṣòro ju bí ẹ ti rò lọ. Bó bá dà á láàmú, ẹ padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni pé kí ẹni tí kò bá dúró jáde kúrò nínú eré. Ọmọ tí kò lè dúró gan-an ni eré yìí wà fún. Tí ẹ bá lé e jáde, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ló kù tí wọ́n ń kọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn máa bá a lọ. Èkejì ni kí ẹ parí eré nígbà tí ìlù bá gbóná jù, kí ẹ wá ní kí ọmọ lọ sùn. Ara rẹ̀ kò lè tutù lójijì. Ẹ dín ìlù kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó rìn, kó rìn jẹ́jẹ́, kó jókòó, kó dùbúlẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù onígi

Èyí nìkan ni a ó ní kí ẹ náwó sí bí owó bá wà, torí bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, àbúrò àti àbúrò àbúrò á lò ó. Ẹ lọ sí ọjà pákó Bódìjà tàbí ọ̀dọ̀ káfíńtà àdúgbò, ẹ ní kó gé àjẹkù igi fún yín, 20 sí 30, kí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ìwọ̀n yẹn kò lè gba inú páálí tíṣù kọjá, ó sì ṣe wẹ́kú ọwọ́ ọmọ. Ẹ sọ fún káfíńtà pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ igi òrùlé tí wọ́n ti kun oògùn ikán; oògùn yẹn kì í kúrò, ẹnu sì ni ọmọ yóò kó igi náà sí. Kó fi sánpépà líle ra á, kó tún fi èyí tó rọ̀ ra á, kó sì pa gbogbo etí rẹ̀. Kí ẹ̀yin náà fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ẹ tó sanwó: ẹ̀gún igi tí ọwọ́ àgbà kò mọ̀ lára, ọwọ́ ọmọ á mọ̀ ọ́n. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà. Òjé máa ń wà nínú àwọn ọ̀dà kan, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Bí owó kò bá sí, ẹ kó páálí ìpara, páálí tíì àti páálí ọṣẹ jọ, ẹ ki bébà sínú wọn kí wọ́n le, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí wọn. Wọn kì í pẹ́ tó igi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wó lu ọmọ, kò ní dùn ún.

Ọmọ oṣù 15 a máa to méjì lérí ara wọn. Ní oṣù 18, ó tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní ọdún méjì, bíi mẹ́fà. Ní ọdún mẹ́ta, bíi mẹ́sàn-án. Ibi ìdúró ibẹ̀ ni ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ fi jẹ́jẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi èkejì kún un nípa pé kí ẹ máa tò ó ní ìgbà-ìgbà: "Ó kàn mí. Ó kàn ẹ́." Gbólóhùn méjèèjì yìí kúrú, ọmọ á sì tètè gbà wọ́n mọ́ yín lẹ́nu.

Ìṣòro búlọ́ọ̀kù ni wíwó. Ilé tó wó ń mú kí ọmọ ju igi, kó yí gbiri nílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì ṣíwájú rẹ̀: kí ilé tiyín kọ́kọ́ wó lójú rẹ̀. "Háà, ó ti wó! Ó dùn mí o." Ẹ mí kanlẹ̀, kó rí i. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un tò." Ohun tí ọmọ bá rí lára yín ni yóò mú lò nígbà tí tirẹ̀ bá wó, kì í ṣe lọ́jọ́ kan ṣá. Ṣùgbọ́n bí ẹkún bá ti dé góńgó, kò sí eré tàbí ọ̀rọ̀ tó lè kọ́ ọmọ ní nǹkan lásìkò náà. Ẹ kó igi kúrò níwájú rẹ̀, ẹ gbé e mọ́ra tàbí kí ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí èémí rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ẹ lè wá sọ pé, "Inú bí ẹ torí ilé wó."

Eré ọjà

Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí la fẹ́ràn jù fún ọmọ tó ti lé ní ọdún méjì. Ìfọkànsí, ìmọ̀lára àti ìrònú, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀, ó sì jẹ́ ohun tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́, ì báà ṣe Ọjà Ọba tàbí ìsọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Agolo, abọ́ ike, ewé gbígbòòrò, aṣọ ìborùn kan, ọmọlángidi tàbí igi tí a wé aṣọ mọ́. Bébà tí a gé, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ni owó. Ẹ má lo kọ́ìnsì. Agolo tí a fi ọ̀bẹ ṣí máa ń ní etí mímú, nítorí náà èyí tó ní ìdérí ike ni kí ẹ lò.

Kì í ṣe ọjà ni ọmọ kékeré máa ń kọ́kọ́ ná. Ní nǹkan bí oṣù 15 sí 18, á gbé ṣíbí òfìfo sí ẹnu ọmọlángidi, ìyẹn náà ti tó. Ní ọdún méjì, á so ìṣe méjì pọ̀: á ro ọbẹ̀, á wá bù ú fún ọmọ. Tó bá ti di ọdún méjì àbọ̀, ewé lè di ẹja, ọmọ lè di ìyálọ́jà, ọjà á sì gbéra sọ. Ẹ kí i bí ẹ ti ń kí àgbà:

"Ẹ kú ọjà o, ìyálọ́jà. Ajé á wọ igbá o. Èló ni kóńgò gaàrí yín?"

Ọmọ á ní, "Méjì!"

"Ó ti wọ́n jù. Ẹ gbà á ní ọ̀kan."

Ẹ ó rí ojú rẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ayé ń pè ní "ìwọ" di ẹni tí wọ́n ń "ẹ" sí, nítorí náà á ta ara jọ, á sì gbìyànjú láti hùwà bí ẹni ipò náà. Ibi ìdúró mẹ́ta ló ti kọjá nínú ìtàkurọ̀sọ kékeré yẹn: ó dúró gbọ́ ìbéèrè, ó fi ọwọ́ dá gaàrí dúró títí ẹ fi sanwó, ó sì ń rántí pé òun kọ́ ló fẹ́ rà á. Láti mú un le, ẹ sọ fún un pé kó gbé ata àti iyọ̀ wá láti òdì kejì yàrá. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ lè di ohun méjì mú lọ́kàn. Bó bá ń mú ẹyọ kan ṣá wá, ẹ padà sí ẹyọ kan fún ọjọ́ mélòó kan. Láti kọ́ ọ ní yíyí èrò padà, ẹ jẹ́ kí gaàrí tán: "Gaàrí ti tán o, ẹ̀wà ló kù. Ṣé ẹ ó ta ẹ̀wà?"

Fún ìmọ̀lára, ọmọlángidi ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kó sunkún. "Kí ló ṣe ọmọ yìí? Ṣé ebi ń pa á ni? Ṣé ẹ̀rù ń bà á ni? Àbí inú ń bí i?" Ẹ dúró kí ọmọ yín dáhùn, kó sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún fúnra rẹ̀. Ọmọ tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é lè fi ẹnu sọ ọ́, kò ní máa fi eyín sọ ọ́ lára ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tó ń ba eré yìí jẹ́ jù ni àgbà tó sọ ọ́ di ìdánwò: "Àwọ̀ wo nìyí? Mélòó nìyí?" Lẹ́yìn ìbéèrè kẹrin, ọmọ á dìde. Ẹ sì má tún ọjà tirẹ̀ ṣe. Bó bá ní ìgò ni ẹja, ẹja ni. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ sọ ọ́ di oníbàárà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí yóò máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àkókò bá tó láti dẹ́kun, ẹ kìlọ̀ láti inú eré náà: "Oníbàárà méjì ló kù, ọjà á tú." Ẹkún òpin eré máa ń dín kù gan-an nípa bẹ́ẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ó gba àgbà. Ìṣẹ́jú 15, fóònù nínú àpò, ẹ̀yin nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dí, eré ìlù ni kó mú.

Omi, iyanrìn àti ìyẹ̀fun pípò

Ọmọ tó ń da omi láti inú ife kan sí èkejì lè pẹ́ nídìí rẹ̀ ju ohun ìṣeré mìíràn lọ. Ibi ìdúró ibẹ̀ kéré, torí kò sí òfin kankan láti dì mú. Ohun tó dára fún ni ìtùnú: ọmọ tó ti jẹ́lé-ó-sinmi dé pẹ̀lú ara gbígbóná, tí gbogbo nǹkan ń bí nínú, á balẹ̀ nídìí omi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré tó láti pa ọmọ tó bá dojú bolẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ láti lọ gbé ìkòkò kalẹ̀. Ẹ da omi nù ní kété tí eré bá parí, ẹ dé kànga àti dúrọ́ọ̀mù omi, kí ẹ fi nǹkan wúwo lé ìdérí. Iyanrìn tí wọ́n fi ń kọ́lé máa ń ní ìṣó, àfọ́kù ìgò àti ìgbẹ́ ológbò nínú. Ẹ jọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ máa bò ó lálẹ́.

Ní ìgbà òjò, tí a kò lè jáde, ẹ po ìyẹ̀fun fún un. Ife ìyẹ̀fun kan, ìdajì ife iyọ̀, ife omi kan, ṣíbí ìjẹun òróró kan. Ẹ pò ó pọ̀ nínú ìkòkò títí kò fi ní kókó, ẹ gbé e sórí iná kékeré, kí ẹ máa fi omorogùn rò ó bí ẹni ń ro àmàlà, títí yóò fi bọ́ lára ìkòkò. Tó bá tutù, ẹ fi ọwọ́ pò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìyẹ̀fun díẹ̀ ló kù. Bó bá ń sán, omi díẹ̀ ni. Nínú ike tó ń dé dáadáa, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ti ń rùn tàbí tó hu, ẹ dà á nù. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, nítorí náà kì í ṣe fún ọmọ tó ṣì ń jẹ gbogbo ohun tó bá dé ọwọ́ rẹ̀.

Ohun ìṣeré oníbátìrì àti fóònù

Owó rẹ̀ ló pọ̀ jù, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Dùùrù tó ń kọrin bí ọmọ bá ti tẹ̀ ẹ́ kò ní ibi ìdúró kankan: ọwọ́ kàn án, ó dáhùn. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2016, lórí òbí 26 pẹ̀lú ọmọ wọn tó jẹ́ oṣù 10 sí 16, fi hàn pé nígbà tí wọ́n ń fi ohun ìṣeré oníbátìrì ṣeré, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu òbí dín kù sí ìgbà tó jẹ́ ìwé tàbí ohun ìṣeré lásán. Ohun ìṣeré ti ń sọ̀rọ̀, òbí wá dákẹ́.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé bátìrì tí kò ní ṣúrúù, ẹ má gbé e fún ọmọ. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnnì, bó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, lè jó ibẹ̀ gidigidi láàárín wákàtí 2. Bí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ilé ìwòsàn ní kíá, ẹ má dúró wo bí ara rẹ̀ yóò ti rí.

Ti fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 ni pé kí ọmọ ọdún kan má wò ó rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bó bá kéré sí i, ó tún sàn. Èyí tó ń ká wa lára jù ni fóònù tí a ń gbé fún ọmọ nígbàkigbà tó bá ti sunkún. Á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ bí a ti ń dákẹ́. Pípe bàbá tó wà lókè òkun tàbí ìyá àgbà lórí fídíò yàtọ̀ ní tirẹ̀, torí èèyàn ló wà níbẹ̀ tó ń dá ọmọ lóhùn.

Ta ni kó mú èwo

Bí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún kan àbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bojúbojú àti ife méjì, kí ẹ fi páálí tí a ki bébà sí kún un. Kò sí ìdí láti ra nǹkan.

Ọmọ tí kò lè dúró lójú kan, tó ń já nǹkan gbà, tó ń sáré síbi gbogbo: ìlù àti ìdúró, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó tó jẹun alẹ́. Ọmọ tí ìbínú rẹ̀ tètè ń ru: omi tàbí ìyẹ̀fun tó bá ti dé láti ìta, eré ọjà pẹ̀lú ọmọlángidi nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Búlọ́ọ̀kù, ẹ fi sí òwúrọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí oorun àti ebi kò sí lójú rẹ̀. Ọmọ tó tètè ń fi nǹkan sílẹ̀: ẹ dín ohun ìṣeré kù sí mẹ́rin kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò wò, kí ẹ wá gbé búlọ́ọ̀kù sílẹ̀.

Ilé tí ìyá àgbà bá wà, eré ọjà ni tiyín, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í kánjú. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń tọ́jú ọmọ, ìlù ni kí ẹ kọ́ ọ, torí òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ẹ má fi eré omi lé ẹni tó tún ń dáná lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń wá jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ lọ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ wò bóyá nílẹ̀ ni àwọn ọmọ wà tí wọ́n ń ṣeré, àbí níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Bí ọmọ bá ti pé oṣù 18, tí kò fi ìka na ohun tó fẹ́ hàn yín, tí kò wẹ̀yìn bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ bá parẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti irú eré tí ẹ ó mú. Ẹ gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú ọmọdé, ì báà ṣe ní UCH tàbí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí wọ́n sì wo ìdàgbàsókè rẹ̀. Bí ẹ ti ń dúró de ọjọ́ tí dókítà dá, ẹ má dá ìlù àti bojúbojú dúró.